Ẹni Tí Mo Bá Nínú Ọ̀fìn

"Ẹ na ọwọ́ sí i kí n rí i! Ibo ló jókòó sí? Ṣé orí àpótí yìí ni, àbí ẹ̀yìn ìkòkò omi?"

Ohùn ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, nìyẹn, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ tó ń yé lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé fi ẹyin sílẹ̀ tó sá gun òrùlé. Bàbá Jóṣúà ló ń bá wí, olórí ìjọ kékeré tó wà lẹ́bàá odò ní ìlú wa, Ìdó-Ẹyìn. Bàbá arúgbó náà kò ṣẹ̀, kò rò. Ó wá kí wa kú ìrọ́jú ọmọ wa kan ṣoṣo, Ọmọ́lẹ̀yẹ, tí ibà gbé lọ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì sọ ohun tí gbogbo olùkíni máa ń sọ, pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa. Ó sọ ọ́ tán ni Àwẹ̀ró, tí kò tíì sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ láti ọjọ́ tí ọmọ ti kú, dìde jókòó lórí ẹní bí ẹni tí ejò ṣán. Ó ní kí ẹni tó bá mọ ibi tí Ọlọ́run wà ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọmọ òun ń jà fún èémí fi ibẹ̀ han òun. Ó ní bí wọn kò bá fi hàn òun, oúnjẹ kò ní kan ẹnu òun mọ́, omi lásán ni òun yóò máa mu títí òun yóò fi bá ọmọ òun níbi tó wà. Kì í sì í ṣe pé ó ń lérí o. Ọjọ́ kẹta tí kò ti jẹun nìyẹn, egungun èjìká rẹ̀ sì ti ń yọ bí ọwọ́ ọkọ́.

Bàbá Jóṣúà la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á, ó tún pa á dé, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sórí ilẹ̀. Èmi ni n kò lè dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi yìí, bí ẹ bá ń wá ọdẹ tó mọ̀ ọ́n dákẹ́, ẹ má pè mí. Bí ẹ bá ń wá ọdẹ tí ọba ń fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ kí, tí ìjòyè ń yà lọ́nà fún, tí àná rẹ̀ pàápàá ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, Ọdẹ́gbàmí nìyí. Mo ti tọpasẹ̀ ẹ̀tù lórí àpáta rí. Mo ti tọpasẹ̀ ẹja nínú omi rí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ bi ẹja náà léèrè, inú mi ló wà. Mo wá fọwọ́ lu àyà, mo ní bí Ọlọ́run bá ní ẹsẹ̀, á ní ipasẹ̀, bó bá sì ní ipasẹ̀, kò sí ibi tí yóò gbà tí ojú mi ò ní tó o.

Bàbá Jóṣúà ní, "Ọdẹ́gbàmí, a kì í dọdẹ Ọlọ́run."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ní ó wà. Èmi ń lọ wò ó ni."

Àwẹ̀ró yí ojú sí mi. Ojú náà gbẹ, kò sí omijé kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Bàbá Ọmọ́lẹ̀yẹ, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ má bá a jà, mo mọ̀ yín. Ẹ ṣáà bi í pé ibo ló wà lọ́jọ́ náà. Bí ẹ kò bá sì rí i, ẹ má padà wá parọ́ fún mi." Ó tún fi ara lé ẹní. Màmá Jóṣúà, aya bàbá náà, ní òun yóò máa fún un lómi títí n ó fi dé, ṣùgbọ́n ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n má pẹ́, nítorí òkú igi ni ẹni tí ebi ti ń pa mọ́ ìbànújẹ́, ẹ̀fúùfù kékeré ló kù tí yóò bì í wó.

Ibo ni n ó ti bẹ̀rẹ̀? Igbó kan wà lẹ́yìn òkè Ìdó-Ẹyìn tí wọ́n ń pè ní Igbó Ẹkún. Àwọn àgbà sọ fún wa pé gbogbo ẹkún tí ènìyàn bá sun ní ayé, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Mo rò ó pé bí Ọlọ́run bá ń gbọ́ ẹkún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, yóò ní láti máa gba ibẹ̀ kọjá, bí àgbọ̀nrín ti máa ń gba etí omi. Ọgbọ́n ọdẹ nìyẹn, ẹ gbé e sápò. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo dé fìlà mi, mo sì rán ara mi létí òfin tí àwọn baba wa fi lélẹ̀: nínú igbó, ọdẹ kì í bi ẹnìkejì rẹ̀ ní orúkọ, kì í sì í dárúkọ ara rẹ̀ tàbí ti ará ilé rẹ̀, nítorí a kò mọ etí tó wà lẹ́yìn ewé tí yóò gbé orúkọ náà lọ. Pè é ní baba, pè é ní ẹ̀gbọ́n, pè é ní ọdẹ, ó tán. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọdẹ, n kò rú òfin náà rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé bí mo bá ti rú u lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá ti gba ara mi lọ́wọ́ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá ní ẹnu igbó náà ni Agbọ́kún. Etí mọ́kànlélógún ló ní, wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn bí èso kòkó ti ń so mọ́ ara igi, kò sì ní ẹnu rárá. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀, bó bá sì ti ń sọ ọ́ ni ikun ń tò tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ó dí ọ̀nà, ó bi mí pé kí ni mo gbé wá, ṣé ẹkún ni àbí ẹ̀rín. Mo ní ìbọn ni mo gbé wá. Ó ní ìbọn kì í ṣí ilẹ̀kùn níbí. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá òun, ẹkún lásán ni ń wọ etí mọ́kọ̀ọ̀kànlélógún, ẹkún opó, ẹkún aláìsàn, ẹkún ẹni tí ilé rẹ̀ jó, ó ti sú òun dé imú. Bí mo bá lè fún òun ní ẹ̀rín kan péré, òun yóò fún mi ní ọ̀nà.

Mo dúró. Ẹ̀rín wo? Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti kú, eyín mi kò tíì rí oòrùn. Mo wá inú mi títí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpò ẹ̀wà, Ọmọ́lẹ̀yẹ náà ni ọwọ́ mi sì bà. Mo ní ó dára, gbọ́. Ọmọ mi obìnrin, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, mú fìlà ọdẹ mi, ó dé e fún òbúkọ, ó gbé àpò ọdẹ mi kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ ìkórè ìjọ. Òbúkọ rìn wọ ilé ìsìn tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, ó gba àárín ìjókòó lọ síwájú. Bàbá Jóṣúà di ojú, ó ń gbàdúrà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí Olúwa dá àwọn tó ti ṣáko lọ padà ni òbúkọ dáhùn pé, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Gbogbo ìjọ ní, "Àmín." Bàbá Jóṣúà la ojú, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́, ó rí fìlà, ó rí àpò, ó rí irùngbọ̀n. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ọdẹ wa, káàbọ̀. Ó mà pẹ́ tí a ti rí ọ."

Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá wo Agbọ́kún. Gbogbo etí rẹ̀ ń lu ara wọn pàà pàà pàà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ìjì, ó ń fọn ẹ̀rín látinú imú, àwọn ẹyẹ ń já bọ́ lórí igi. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dì mọ́ igi, nígbà tí mo sì fi ọwọ́ nu ojú, mo rí i pé ó tutù. Agbọ́kún mí kanlẹ̀, ó yà fún mi. Ó ní, "Ọdẹ, ipasẹ̀ tí ò ń wá kì í gòkè. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dé ni ó ń lọ. Kí o tó kọjá, já èyí fún mi: kí ló ń dúró de ẹni tí yóò ṣubú, kó tó ṣubú?"

Mo ní, "Ilẹ̀ ni."

Ó ní, "O ti gba ìdajì. Máa lọ wá ìdajì tó kù."

Mo lọ, mò ń ráhùn. Ta ní ń fún ọdẹ ní ìdajì ẹran? Mo rìn lọ́jọ́ náà, mo rìn lọ́jọ́ kejì, n kò ní fi ẹsẹ̀ àti ẹ̀gún yọ yín lẹ́nu. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì náà ni mo já sí ìtẹ́jú kan tí koríko rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí wọ́n to àpótí ìjókòó sí káàkiri, tí kò sí méjì tó kọjú sí ara wọn. Ní àárín wọn ni ohun kan dúró sí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ kan, ojú kan, eyín kan, irun kan ṣoṣo ní àárín orí. Ohùn rẹ̀ ni n kò retí. Ohùn náà dùn bí ohùn ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ń bu omi gbígbóná fún ọ. Ó ní kí n pẹ̀lẹ́, òun gbọ́ òfò tó ṣe mí. Ó ní Ìwọ-Nìkan ni orúkọ òun, òun kò bẹ̀rù òfin ọdẹ, kí n jókòó, bí mo bá dáhùn ọ̀rọ̀ òun lẹ́ẹ̀mẹta, òun yóò fi Ọlọ́run hàn mí kí oòrùn tó dé àtàrí.

Ta ni ò ní jókòó? Ó rẹ̀ mí. Ó bi mí pé nínú gbogbo àwọn tó wá kí mi, ta ló mọ bó ti rí nínú mi. Mo rò ó, mo ní kò sí. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kíá, ìgbálẹ̀ di òpó. N kò kọ́kọ́ kà á sí. Ó bi mí pé ní ọjọ́ tí ọmọ náà kú, nígbà tí mo wà nínú igbó tí mò ń já ewé ibà, tí mo ń sá padà tí mo sì bá ẹkún lẹ́nu ọ̀nà, ta ló wà pẹ̀lú mi. Mo ní kò sí. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òpó di igi ìrókò, òjìji rẹ̀ bò mí, òtútù sì mú mi ní ọ̀sán gangan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, eyín kan náà ń dán bí àdá tuntun. Ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Ohun tó gbà mí ni iṣẹ́ mi. Baba tó kọ́ mi ní ọdẹ sọ fún mi pé ẹran tó ń sanra lójú rẹ, tí o kò sì rí ohun tó ń jẹ, yẹ ara rẹ wò, ìwọ ló ń jẹ. Mo yẹ ara mi wò. Ẹ̀wù mi ti tóbi jù mí lọ, bàtà mi ti ń yọ lẹ́sẹ̀. Bí mo bá fún un ní ẹ̀kẹta, yóò gbé mi mì, a ó sì máa wá Ọdẹ́gbàmí títí ayé. Mo fò sókè. Mo ní, "Olójú kan, eléyín kan, onírun-bí-òwú-abẹ́rẹ́, bí ìwọ bá ń wá ẹni tó dá wà, wo eyín rẹ." Mo yìnbọn. Ọta gba ikùn rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà, ó lọ bá kókó ara igi jà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fò lórí ẹsẹ̀ kan náà, gbì, ilẹ̀ mì, ó tún fò, gbì. Mo ju ìbọn sílẹ̀, mo sì sá. Ẹni tó bá ní ọdẹ kì í sá, ohun tó yẹ kó sá fún ni kò tíì rí. Mo sá débi pé mo kọjá òjìji ara mi. Mò ń wẹ̀yìn wò kí n lè rí bó ti súnmọ́ tó ni ilẹ̀ ṣí lábẹ́ mi, mo sì jábọ́ sínú ọ̀fìn kan tí àwọn ọdẹ erin ayé àtijọ́ gbẹ́, gìrìgìrì, pẹ̀lú fìlà mi lórí. Ọ̀nà tí àgbà ọdẹ ń gbà ṣubú nìyẹn.

N kò balẹ̀ sórí ilẹ̀. Ara ẹnì kan ni mo balẹ̀ sí.

Ó ní, "Rọra o, ọdẹ. Ẹsẹ̀ mi lo jókòó lé."

Mo tọrọ àforíjì, mo sún. Ọ̀fìn náà jìn tó igi ọ̀pẹ kékeré kan, ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju tí inú ìkòkò lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé àgbàlagbà ni, aṣọ rẹ̀ kún fún amọ̀, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ó fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun kan yọ látinú ewé, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fún mi ní èyí tó gùn. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó rántí pé mi ò dúpẹ́. Nítorí òfin, n kò bi í ní orúkọ. Mo ní, "Baba, láti ìgbà wo ni ẹ ti wà níbí?"

Ó ní, "Kí o tó jábọ́."

"Ṣé ẹ̀yin náà jábọ́ ni?"

"Rárá. Èmi sọ̀ kalẹ̀ ni."

Mo ní ta ní ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀fìn. Ó ní ẹni tó gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀ tí yóò jábọ́ síbẹ̀ ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo sọ lọ́kàn ara mi pé oòrùn ti pa bàbá yìí lórí. Ẹ pariwo lé mi lórí, ó tọ́ sí mi. Ẹ ní, "Ọdẹ́gbàmí, òpè, alójú-má-fi-ríran." Mo ti gbà á.

Ó bi mí pé kí ni mo ń wá tí mo fi ń sá bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ṣí, kò sì tètè pa dé. Mo ní Ọlọ́run ni mò ń wá, mo sì ní ẹjọ́ láti bá a rò. Mo ní irú baba wo ni yóò gbọ́ ẹkún ọmọ títí tí kò ní yọjú. Mo ní ìyàwó mi ń kú lọ nílé, pé bí n kò bá mú ìdáhùn padà, n ó pàdánù méjì nínú oṣù kan. Mo bú, mo ráhùn, mo fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, amọ̀ ń ta sí i lójú, kò nù ún. Nígbà tí mo dé orí ọmọ náà, tí mo ní ẹ̀rín rẹ̀ máa ń mú kí ajá gbàgbé gbígbó, bàbá náà mi orí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ́lẹ̀yẹ. Bàtà òsì ló máa ń wọ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, a kọ́ ọ títí, kò gbà," mo sì ń bá ìráhùn mi lọ bí ọlọ tó ń lọ ata. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú sí i pẹ̀lú ìbínú, mo ní òun tó jókòó jẹ́ẹ́ yìí, ṣé òun tiẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní òfò ọmọ.

Ó ní, "Mo ti wo ọmọ mi tó ń kú rí. Ó kígbe pè mí."

Mo ní, "Kí ni ẹ wá ṣe?"

Ó ní, "Mo wà níbẹ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

Ó ní, "Ọdẹ, kò sí èyí tó nira jù ú lọ."

Èmi tí n kò sunkún níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, mo gbé orí lé èjìká ẹni tí n kò mọ̀, mo sì ké bí ọmọ ẹran. Kò ní kí n dákẹ́. Kò pòwe fún mi. Ó ṣáà dì mí mú títí oòrùn fi rìn láti ògiri kan ọ̀fìn náà dé ìkejì.

Bí a ti wà níbẹ̀ ni òjìji bo ẹnu ọ̀fìn. Ìwọ-Nìkan ló dé. Ó na ọrùn sísàlẹ̀, ó fi ohùn dídùn náà ní, "Ọdẹ, nínú ihò, nínú òkùnkùn, ìwọ nìkan ni." Inú mi dùn lódì. Mo ní, "Àwa méjì ni, ojú kan ò tó ọ láti kà? Wá, kí n fi ìka kọ́ ọ ní oókan, eéjì." Ó wo inú, ó rí méjì, ó sì rọ bí àpò tí ẹ̀fúùfù ti jáde nínú rẹ̀, ìrókò di òpó, òpó di ìgbálẹ̀. Ó fi eyín kan náà họ ilẹ̀. Ó ní kò burú. Ó ní obìnrin kan wà lórí ẹní ní Ìdó-Ẹyìn tó ti gbà fún òun lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kẹta ló kù, òun ń lọ gbà á. Gbì, gbì, gbì, ó ti lọ.

Bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Gun èjìká mi." Mo gùn ún, mo fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ orí rẹ̀ pàápàá, mo fò bọ́ sí òkè. Mo já okùn igbó, mo jù ú sísàlẹ̀, mo ní, "Baba, ẹ dì í mú, kí n fà yín, mò ń kánjú." Ó ní, "Máa lọ. Ẹlòmíràn ń bọ̀ tí yóò jábọ́. N kò fẹ́ kí ó bá ihò yìí lófìfo." Mo pòṣé, mo ní ẹni a fẹ́ gbà tó ní a kò gbọdọ̀ gba òun, mo sì sáré.

Mo sá títí ilẹ̀ fi ṣú tó sì tún mọ́. Níbi tí mo ti ń la odò tó kẹ́yìn kọjá ni mo dúró nínú omi dé orúnkún bí ẹni tí wọ́n gbìn. N kò dárúkọ ọmọ mi fún bàbá yẹn. Òfin kò jẹ́. N kò sọ ọ̀rọ̀ bàtà fún un. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nì kan sá jáde kúrò nínú odò. Ẹni tí mo lọ wá, mo jókòó lé e lẹ́sẹ̀, mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo bú u lójú ara rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lórí mọ́lẹ̀, n kò sì bi í pé ta ni. Ìdajì àlọ́ Agbọ́kún tó kù nìyẹn. Mo yí padà láti sáré lọ bá a, mo tún dúró. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wò? Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, mo ń jó nínú omi, mo ń fi fìlà lu omi, mo sì sáré lọ sílé bí ẹni tí agbọ́n lé.

Ìwọ-Nìkan ti dé. Ó ti jókòó sí ibi orí ẹní Àwẹ̀ró, ó ti sanra kún yàrá dé àjà, ìbàdí rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Màmá Jóṣúà wà níta pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ mímu, kò rí ọ̀nà wọlé, Bàbá Jóṣúà sì di ìka ẹsẹ̀ ọ̀dájú náà mú, ó ń fà á, ó ń gbàdúrà, ó ń làágùn. Mo gba abẹ́ itan rẹ̀ rá wọlé. Ètè Àwẹ̀ró ti ń ṣí. Mo fi ọwọ́ bò ó. Mo ní, "Ìyá Ọmọ́lẹ̀yẹ, mo rí i."

Ó ní, "Níbo?"

"Nínú ọ̀fìn. Ó ti débẹ̀ kí n tó jábọ́."

"Kí ló sọ nípa ọmọ mi?"

Mo ní, "Ó ní bàtà òsì ló máa ń wọ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó sì sunkún."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ ní ohùn kékeré, pé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bí òun ti gbé ọmọ lé itan, tí agbára òun tán, tí òun fẹ́ ṣubú sẹ́yìn, ẹnì kan fi àyà gba ẹ̀yìn òun dúró. Òun kò wẹ̀yìn wò, ojú òun kò kúrò lára ọmọ. Àyà náà ń mì, ẹni náà ń sunkún. Òun ti rò ó láti ọjọ́ yẹn pé èmi ni. Ó ní, "Bàbá Ọmọ́lẹ̀yẹ, ẹ̀yin kọ́?"

Mo ní, "Èmi kọ́. Mo wà nínú igbó, mò ń já ewé."

Omi tú jáde lójú tó ti gbẹ náà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹnu àmù. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbé ẹ̀kọ yẹn wá." Màmá Jóṣúà ti igbá náà gba abẹ́ itan kan náà wọlé, díẹ̀ sì dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwẹ̀ró mu ún dé ìsàlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó di èjìká mi mú, ó dìde. Ó rìn lọ sí kọ̀rọ̀ níbi tí ọmọ odó fi ara ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Ìwọ-Nìkan rẹ ohùn sílẹ̀, ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ta ló mọ bó ti rí nínú rẹ? Ìwọ nìkan ni."

Àwẹ̀ró ní, "Irọ́ lo pa." Ó gbá a lórúnkún, ìrókò di òpó, ẹnu ọ̀nà ṣí, oòrùn wọlé, Bàbá Jóṣúà sì ṣubú sẹ́yìn pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbá a láyà, òpó di ìgbálẹ̀, ohùn dídùn náà sì di ohùn ẹ̀fọn. Ó fẹ́ fò, ẹsẹ̀ kan náà yọ̀ lórí ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọmọ odó sókè dé àjà, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí àárín orí Ìwọ-Nìkan, gbàgà.